Jíìpù Ọ̀gá Dáwódù

"Ta ló rán ẹ wá?"

Ọ̀gá Dáwódù kò wo ojú Sàfíátù nígbà tó ń bi í ní ìbéèrè yìí. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó dúró síwájú ilé rẹ̀ ní GRA Àpápá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó ń fi igi kékeré kan ta eyín.

"Ọ̀gá mi ni, sà. Mekáníìkì ni wọ́n, ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo jíìpù tí ẹ fẹ́ tà."

"Obìnrin ti ń ṣe mekáníìkì báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ó wà lábẹ́ igi fúrúùtù lọ́hùn-ún. Àmọ́ má fara kan ọkọ̀ tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Bí wọ́n bá ta gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò yín, owó ẹ̀ kò lè ra táyà rẹ̀ kan."

"Ẹ ṣé, sà," ni Sàfíátù wí. Ó gbé ọ̀rọ̀ yòókù mì.

Irọ́ ló pa. Kò sí ọ̀gá tó rán an. Ìbínú ọdún mẹ́rin ló rán an. Akpevwe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló ń gbé ẹja láti Marine Beach lọ fún oníbàárà ìyá rẹ̀ tó fi rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára géètì pé jíìpù wà fún títà. Ó sáré wá sọ fún un bí ẹni tó rí owó he.

Ta ni kò mọ jíìpù yẹn ní Àpápá? Baba tó bí Ọ̀gá Dáwódù ló fi sílẹ̀ fún un. Jíìpù àtijọ́ ni, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fa ọkọ̀, tí ẹrọ̀fọ̀ kì í dá dúró. Gbàdàmọ́sí, bàbá Sàfíátù, ló ń wà á, òun náà ló sì ń tún un ṣe, fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Ó wá di ọjọ́ kan, bátìrì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú rẹ̀ sọnù. Ọ̀gá Dáwódù kò wádìí. Ó ní kí wọ́n gbé bátìrì tó ti kú lé Gbàdàmọ́sí lórí, kí àwọn ọdẹ àdúgbò máa lu agolo tẹ̀ lé e láti ẹnu géètì títí dé Liverpool Road.

Oúnjẹ ọ̀sán ni Sàfíátù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, ń gbé bọ̀ fún bàbá rẹ̀ tó fi pàdé wọn. Ó rí omi bátìrì tó ń ṣàn sí èjìká bàbá rẹ̀, tó ń jó ẹ̀wù, tó ń jó awọ. Ó rí àwọn dírẹ́bà tírélà tí wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ọlọ́dẹ ilé náà wá sọ fún wọn ní bòókẹ́lẹ́ pé ọmọ Ọ̀gá Dáwódù gan-an ló ta bátìrì náà. Ẹnikẹ́ni kò wá tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà ni Sàfíátù ti ń bọ́ ẹ̀san nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ àgbò iléyá.

Ó rìn yí jíìpù náà ká. Ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, iná iwájú kan ti fọ́, èèrà ti kọ́lé sínú ìjókòó.

"Wò ó," Akpevwe, tó tẹ̀ lé e wá, sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, "bàbá yín nìkan ló mọ inú ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ máa tún un ṣe, ẹ máa kùn ún. O máa gbé bàbá jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀gá máa ń jókòó sí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lo máa wà á kọjá géètì yìí. Fọ́ọ̀n! Fọ́ọ̀n! Ọkọ̀ bàbá Dáwódù lábẹ́ ìdí bàbá ẹ! Abeg, ìyà wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Sàfíátù kò rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ kó sunkún," ló wí.

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kí èèyàn tó ra ọkọ̀ ògbólógbòó, kó kọ́kọ́ fi sípánà gbá ṣáásì rẹ̀, ìyẹn irin gígùn méjì tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé. Irin tó bá yè máa ń dún gbọnran. Èyí tí ìpẹtà bá ti jẹ nínú máa ń dún bí ẹni ń lu páálí. Ní Àpápá, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí irin dàgbà.

Ó na sípánà sókè. Ìgbà náà ló rí ọ́ìlì.

Ọ́ìlì dúdú ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì ti lò kù, tí wọ́n fi kun ṣáásì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àyà Sàfíátù já. Bàbá rẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún kí iyọ̀ òkun má baà rí irin náà jẹ. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn ẹ̀wù iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Omijé lé róró sí i lójú.

"Kí lo rí?" Akpevwe bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi."

Ó ti sípánà bọ àpò padà. Kò gbá irin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó wá ku owó. Owó kan ṣoṣo tó ní ni èyí tó ti ń kó sínú kóló láti ọdún mẹ́ta, owó jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tó ń tún ṣe fún àwọn ará àdúgbò. Nínú rẹ̀ ni owó ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá wà, nínú rẹ̀ náà ni owó ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ lẹ́yìn ìdánwò wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí; ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni ilé ìwé máa pa ìwé orúkọ dé. Ó jókòó sí etí gọ́tà lẹ́nu géètì, ó ń rò ó. Ìdánwò yóò tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Jíìpù yìí ńkọ́? Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó parí. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Kò béèrè iye tí wọ́n ń ta búrékì, kò béèrè iye táyà. Bí ìbínú bá ń ṣe ìṣirò, ó máa ń fo ìlà.

Nígbà tó gbé owó náà dé lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Dáwódù kò tilẹ̀ ná an pẹ́. "Ẹ gbé e kúrò kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn kọ Sàfíátù lóminú. Kò kọ ọ́ lóminú.

Ọkọ̀ afàkọ̀ wọ́ jíìpù náà wọ Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀sán, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń hó. Gbàdàmọ́sí ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Ó rí ohun tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì rẹ̀, ó dúró. Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àbọ̀," ni Sàfíátù wí. Ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Jíìpù wọn ti di tiyín. Mo rà á."

Gbàdàmọ́sí sún mọ́ ọkọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan abẹ́ ọkọ̀, ó gbé ìka náà sókè sí oòrùn. Ọ́ìlì ń kán láti ara rẹ̀.

"Sàfíátù, ọdún wo ni mo kúrò nílé ọkùnrin yẹn?"

"Ọdún mẹ́rin ti lọ, sà."

"Ọ́ìlì wo ló ń tutù fún ọdún mẹ́rin?"

Sàfíátù yọ sípánà nínú àpò. Bàbá rẹ̀ gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ṣáásì náà. Ó dún bí páálí. Ó gbá ibòmíràn, páálí. Ní ìgbà kẹta, sípánà wọ inú irin náà lọ, ìpẹtà pupa sì dà sílẹ̀ yàà bí gààrí.

"Àná tàbí ìjẹta ni wọ́n kùn ún," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Wọ́n fi bo egbò ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ọmọ yìí! Níbo lo ti rówó?"

Sàfíátù wo ilẹ̀.

"Owó ìdánwò?"

"Bàbá, mo fẹ́ gbẹ̀san fún yín ni."

"Fún mi?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ìyẹn gan-an ló ba Sàfíátù lẹ́rù. "Ìtìjú mi lo rà. O fi owó ìwé rẹ sanwó rẹ̀ fún ẹni tó dójú tì mí, o wá wọ́ ọ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí gbogbo Ajégúnlẹ̀ lè wò ó."

Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó wọlé.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, Sàfíátù àti Akpevwe padà sí GRA. Ìbínú rẹ̀ ti di méjì. Súkúrú-dáráfà gígùn kan wà nínú àpò ìwé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́.

"Ẹ dá owó mi padà, sà. Ṣáásì yẹn ti jẹrà. Ẹ fi ọ́ìlì bò ó ni."

"Ṣé mo dì ẹ́ lójú?" Ọ̀gá Dáwódù pòṣé. "Àbí ìwọ kọ́ lo ní mekáníìkì ló rán ẹ wá? O wọ abẹ́ rẹ̀, o jáde, o ní ó dáa. Ọjà ti tán, ọmọ yìí. Lọ bá ọ̀gá rẹ."

"Mi ò ní ọ̀gá. Ọmọ Gbàdàmọ́sí ni mí!"

Ọdún mẹ́rin ló fi ń dúró de ìgbà tí yóò sọ gbólóhùn yìí sí ọkùnrin náà lójú. Ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń retí kó yí padà, kó bẹ̀rù, kó tijú.

Ọ̀gá Dáwódù gbé ojú sókè kúrò lára fóònù. Ó ń gbìyànjú láti rántí lóòótọ́.

"Gbàdàmọ́sí wo?"

"Dírẹ́bà yín! Tí ẹ gbé bátìrì lé lórí!"

"Mo ti lo dírẹ́bà tó mẹ́jọ," ló wí. "Èwo nínú wọn?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti wọlé.

Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Sàfíátù dúró lójú kan bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbà tó ṣí ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tuntun náà ló gbà lọ. Ó yọ súkúrú-dáráfà, ó bẹ̀rẹ̀ ti táyà.

"Gún un!" Akpevwe ń wẹ̀yìn. "Gún gbogbo ẹ̀, ká sá! Do quick!"

Ẹnu irin náà ti kan rọ́bà. Bó bá tì í wọlé báyìí, ọlọ́dẹ yóò pariwo, wọn yóò mú un. Wọn yóò béèrè pé ọmọ ta ni. Gbogbo ẹni tó ti gbàgbé bátìrì yóò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn yóò ní, "A wí bẹ́ẹ̀ àbí? Ọmọ olè, olè." Bàbá rẹ̀ gbé ẹrù irọ́ lórí lọ́jọ́ kìíní. Òun ni yóò wá sọ irọ́ náà di òótọ́.

Ó fa irin náà padà.

"Kí ló dé?" ni Akpevwe béèrè.

"Jẹ́ ká máa lọ."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dé, ilé ìwé pa ìwé orúkọ dé. Orúkọ Sàfíátù kò sí níbẹ̀.

Ní àárọ̀ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, Akpevwe wà láàárín wọn. Ó juwọ́ sí Sàfíátù, kò dúró. Tirẹ̀ ti wà nínú ìwé. Sàfíátù ń di jíìpù náà mú fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, wọ́n ń fi iná gé e wẹ́lẹ-wẹ̀lẹ. Owó tí wọ́n san kò tó ìdajì èyí tó fi rà á, owó afàkọ̀ sì ti jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Gbàdàmọ́sí pè é jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé o rò pé inú kò bí mi ni?" ló wí. "Ní ìdájí, bí èjìká yìí bá ta mí jí, mo máa ń gbẹ̀san. O mọ bí mo ṣe ń ṣe é? Mo máa ń jí ẹ pé kí o dìde kàwé. Mo fẹ́ kí ọmọ ẹni tó pè ní olè di ẹ́ńjínníà lójú ayé rẹ̀. Ìwọ ni ẹ̀san mi, Sàfíátù. O wá gbé ẹ̀san mi, o lọ fi ta á lọ́rẹ."

Sàfíátù sunkún. Ọdún mẹ́rin ló fi gbèrò pé Ọ̀gá Dáwódù ni yóò sunkún.

Ó padà sídìí jẹnẹrétọ̀, ó padà sídìí ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúkọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé náà. Kò dárí ji Ọ̀gá Dáwódù. Kò sẹ́ni tó ní kó dárí jì í. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún kan kọ́ ohun tó yẹ kó ti mọ̀ kó tó fọ́ kóló rẹ̀, ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó ṣẹ̀ yín lè má tilẹ̀ rántí orúkọ yín. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ọ̀la yín ra ohun tí òun ń wá ẹni tó máa bá a kó dànù.