Ẹ̀wù Ẹni Tí Yóò Jókòó Láàárín

Ọwọ́ ẹ̀wù tuntun náà bo ìka Akọ̀wé pátápátá, bẹ́ẹ̀ àná ni Aránṣọ wọn apá rẹ̀.

"Ṣé èmi lo rán an fún ni, àbí òpó iná?" Akọ̀wé bi í.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo wọ̀n yín dáadáa."

Bí ó ṣe máa ń pè é nìyẹn, torí Akọ̀wé ni àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀.

"Ojú ẹkún lo fi wọ̀n mí. Tún un ṣe! Ọ̀la ni onífọ́tò ń bọ̀."

Fọ́tò ìdílé ni wọ́n fẹ́ yà. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà ni gbogbo ilé máa wọ̀, Aránṣọ ló sì rán gbogbo rẹ̀, àfi tirẹ̀ àti ti ọmọbìnrin rẹ̀, tí Akọ̀wé ní kò gbọdọ̀ rán. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló máa jókòó láàárín, lórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti gba yàrá olóògbé, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Àga yẹn ló kù.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," Aránṣọ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín mà ni."

"Ẹni tí kò sí nínú fọ́tò, kò sí nínú ilé. Bí onífọ́tò bá ti ń palẹ̀ mọ́, kí ìwọ náà máa palẹ̀ mọ́."

Aránṣọ gbé ẹ̀wù náà lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó na téèpù lé ọwọ́ ẹ̀wù. Ó mọ gígùn yẹn. Láti ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń fẹ́ra ló ti ń rán aṣọ fún un. Ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ ló wà lára ẹ̀wù yìí. Ó gé e kúrú, ó ká etí rẹ̀, ó rán an pa. Nígbà tó gbé e sókè, ó ti gùn padà, ojú rírán rẹ̀ sì mọ́ bí ẹni pé sísọ́ọ̀sì ò kàn án rí. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, onífọ́tò ta aṣọ funfun sára ògiri pálọ̀, ó sì ń to àwọn ará ilé. Akọ̀wé jáde láti yàrá. Ẹ̀wù náà bá a mu rẹ́gí.

"Ṣé o rí i? Àfi kí n pariwo kí o tó mọ iṣẹ́!"

Aránṣọ tẹjú mọ́ apá rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀wù náà ò kúrú. Apá Akọ̀wé ló ti gùn kún un.

Akọ̀wé jókòó lórí àga. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ gbígbẹ tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, irú èyí tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ìka pe Aránṣọ sún mọ́ ọn.

"Ìyàwó, bọ́ ọ kúrò lára mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bọ́tìnnì rẹ̀ ò ṣí. Kì í ṣe èmi ni mo wọ̀ ọ́, òun ló wọ̀ mí. Ìwọ àti ọmọ rẹ ò ní kúrò nílé yìí mọ́. Mo búra."

Aránṣọ ti sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ ọrùn ẹ̀wù. Ara tó kan ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi kànga. Ẹnu kan náà tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọkọ rẹ̀ ló jáde:

"Ìyá Ọmọ, má gé e. Ibi tí mo wà ṣókùnkùn."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ló ti ń pariwo pé kò dára kí ẹnì kan gba ipò ẹlòmíràn. Ṣé tìtorí pé ọkọ tirẹ̀ ló fẹ́ gbà á, kó wá dára?

"Ẹ dárí jì mí," ó wí, ó sì gé ẹ̀wù náà láti ọrùn dé ìdí.

Akọ̀wé já jáde nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Apá rẹ̀ ti kúrú padà. Ó rí i bí àwọn ará ilé ṣe ń wò ó, ìtìjú rẹ̀ sì di ìbínú.

"Ooru ló mú mi. Kí lẹ ń wò? Ìyàwó, aṣọ ṣì kù, lọ rán òmíràn kíá! Kí o sì mú ọmọ rẹ kúrò níwájú kámẹ́rà."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún mi, ọkọ mi."

"Èmi? Ta ló gbọ́?"

Kò sẹ́ni tó gbórí sókè. Onífọ́tò ń nu ojú kámẹ́rà rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá wà níbẹ̀. Aránṣọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá ìránṣọ, ó tẹ́ ìyókù aṣọ náà sórí tábìlì.

"Ṣé o ò ní kọ́kọ́ wọ̀n mí ni?" Akọ̀wé pariwo láti pálọ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ìwọ̀n tí mo máa lò ti wà nínú orí mi."

Ó gé apá ẹ̀wù náà gùn, ó gé èjìká rẹ̀ fẹ̀, ní ìwọ̀n ọkọ rẹ̀. Ó wá nawọ́ mú òwú, èyí tó nípọn jù lọ, tí sísọ́ọ̀sì kì í lè gé.