Ẹni Tó Dùbúlẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ Mi

Ó ṣojú mi, ọwọ́ ara mi ló sì kàn án. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, mi ò ní bá a jà.

Lọ́dọọdún ni ìlú wa máa ń ṣe eré ogun abẹ́lé tí wọ́n jà níbí láyé àwọn baba ńlá wa. Èmi ni mò ń rán aṣọ àwọn ọmọ ogun. Ọkọ mi, tó ń ṣe búrẹ́dì, ló máa ń ṣe òkú tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri ìlú nínú eré náà. Ogún ọdún ló ti ń kú síbẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n kú. Òfin kan ló wà: òkú kankan kò gbọdọ̀ dìde àfi tí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án léjìká, tó sọ fún un pé ó ti parí.

Ẹ̀yìn ń dun ọkọ mi. Dókítà ní kó má dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkú wo ló ń kọ ìfẹ̀yìntì. Ó ní ẹnì kan máa ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, pé tí òun bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, á ṣẹ́ ku onítọ̀hún nìkan. Mo rò pé ó ti ń darúgbó.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sán gangan ni. Ìbọn dákẹ́. Mo gbé omi, mo ń fọwọ́ kan àwọn òkú. Wọ́n ń dìde, wọ́n ń gbọn eruku, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dé ẹsẹ̀ ògiri. Mo fọwọ́ kan ọkọ mi. Kò dìde.

"Ìyá wọn," ó rọra sọ, "ẹni ẹ̀gbẹ́ mi ni kó o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn."

N kò rí ẹnì kankan. Koríko ló tẹ́ pẹrẹsẹ, ní gígùn ènìyàn. Kò sí atẹ́gùn, àmọ́ mo ń gbọ́ èémí.

Mo nawọ́. Èjìká ni mo bá pàdé, nínú aṣọ líle. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Òwú onílọ́po méjì ni wọ́n fi rán an. Kì í ṣe iṣẹ́ mi.

"Ó ti parí," mo sọ. "Ẹ dìde. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Èjìká náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í nàró, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi náà dìde, kò di apá mi mú bó ṣe máa ń ṣe. Omijé wà lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

"Mo ti kú tó," ó ní.

Nígbà tá a délé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀wù kan wà lórí ìṣó tí mo máa ń fi aṣọ àtúnṣe kọ́. Òwú onílọ́po méjì ló wà léjìká rẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ ti ya. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, ọrùn mi ló sì wà látàárọ̀. Mo jókòó, mo bá a rán an. Ilẹ̀ mọ́, ìṣó ti ṣófo.

Lọ́dún yìí, àárín àwọn òǹwòran ni èmi àti ọkọ mi jókòó sí. Ẹnì kan fẹ́ jókòó sí òpin bẹ́ńṣì wa. Ọkọ mi ní kó jọ̀ọ́, ẹnì kan ti wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ èémí náà. Mo sún díẹ̀, kí àyè lè gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.