Ohun Tí Àwọn Epìyà Ń Yà Fún

Àyè kan wà láàárín ẹja mi tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sin epìyà sínú táǹkì oníkọnkéré lẹ́yìn ilé wa ní Ìsọlọ̀. Mi ò kàwé lọ títí, àmọ́ mo mọ ẹja. Tí ẹgbẹ̀rún kan bá ń lúwẹ̀ẹ́ pọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń fún pọ̀. Àwọn tèmi ń yà fún nǹkan, róbótó, bí ìgbà tí èèyàn dúró sínú omi.

Abdulhafeez, ọmọ àdúgbò wa tó ń ṣe ìṣirò ní yunifásítì, ló gbé kámẹ́rà kọ́ sókè táǹkì náà fún ìwádìí ẹ̀. Ó ní òfin mẹ́ta péré lẹja ń tẹ̀lé: má kọ lu ti ẹ̀gbẹ́ rẹ, má jìnnà sí i, ibi tó bá kọjú sí ni kó o kọjú sí. Ó kó ìṣirò náà sínú kọ̀ǹpútà, àwọn àmì funfun kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹja gidi. Tiwọn ò ní àyè kankan láàárín.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí Memunat, ìgbà tí mo fi nǹkan kan sí àárín ló tó bá ti táǹkì mu. Kí lẹ gbé sómi?"

"Ṣé o rò pé mo gbé àga síbẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ó ń sún lọ síbi àtẹ̀gùn, mà. Ìṣirò ní ọ̀la, Jímọ̀, ní aago méjì ọ̀sán, ló máa débẹ̀."

Ọ̀la yẹn gan-an ni Lateefah, àbúrò mi, fẹ́ gba orí àtẹ̀gùn yẹn wọnú omi lọ ṣa àwọn ńlá kúrò lára kéékèèké. Ẹ̀rù ò bà mí, àmọ́ ẹja ò nídìí tó fi máa parọ́ fún mi. Nígbà tó di Jímọ̀, mo sọ ohun tí ìṣirò wí fún un, mo sì rán an lọ ra oúnjẹ ẹja ní Òṣòdì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá fún ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdírì!" ni Lateefah fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Kúrò níwájú mi jàre. Má tètè dé o."

Nígbà tí aago méjì lù, àwọn ẹja pín sọ́tùn-ún sósì níwájú àtẹ̀gùn. Omi ò mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa pọ̀ padà, àyè náà sì pòórá.

"Ó parí," ni mo wí.

Abdulhafeez kàn na ìka sílẹ̀ ni. Ojú ẹsẹ̀ tútù wà lórí kọnkéré gbígbẹ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí dé géètì.

A sáré bọ́ síta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, èrò kún títì. Kálukú ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń bá rìn. Láàárín wọn ni àyè róbótó náà ti ń lọ, wọ́n ń yà fún un láì mọ̀.

Lateefah ń bọ̀ níwájú, àpò lórí. Mo fi gbogbo agbára pariwo orúkọ ẹ̀.

Àyè náà dúró.

Ó tún gbéra, ó lọ bá a tààrà. Èmi ń sáré, èrò ò jẹ́ n kọjá. Àbúrò mi sọ àpò kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbójú sókè bí ẹni tí àgbàlagbà ń bi ní nǹkan.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni mà, èmi ni Lateefah."