Bàtà Tó Gba Ẹsẹ̀ Panápaná

Ọ̀sán gangan ni ọmọbìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi orí ìka ẹsẹ̀ òsì rìn bí ẹni tó ń tẹ eérú gbígbóná, ó sì di bàtà kan mú lọ́wọ́ bí ẹni mú olè. Ọmọkùnrin tó ń ta bàtà níbẹ̀ wà lórí àkàbà, ó ń to páálí. Ó bojú wolẹ̀, ó rí i, gbogbo páálí ọwọ́ rẹ̀ sì dà wálẹ̀ gbàràgàdà. Bí ìfẹ́ ṣe máa ń wọlé tọ ọkùnrin mìíràn wá nìyẹn, pẹ̀lú ariwo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣé kò pa yín lára?"

"Rárá o. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń tiro."

"Bàtà tí mo lè fi sáré ni mo wá rà. Èyí ti fẹ́ sọ mí di atiro."

Ó fún un ní àga, ó bi í pé ibo ló ń dùn ún. Ó ní gìgísẹ̀ ni. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, àfi bí ẹni tó tẹ ìṣó. Bó bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀. Bó bá sáré, á tún dé.

"Kí lẹ wá ń sáré fún?"

"Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ panápaná ni. Wọ́n máa dán wa wò lórí pápá, a gbọ́dọ̀ sá a dé ìlà kí wọ́n tó fun fèrè. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ yìí ló dá mi dúró. Bí mo bá tún kùnà lọ́dún yìí, ó parí, ọjọ́ orí mi á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà."

Ọmọkùnrin náà ní kó padà wá nírọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, kó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fi ń sáré bọ̀.

"Ẹ̀yin ni oníṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí màá rí tó ń lé oníbàárà."

"Mi ò lé yín. Mo ní kí ẹ padà wá ni." Ojú rẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó padà wá lóòótọ́. Ọmọkùnrin náà ní kó dìde dúró, ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó rí i pé tòsì gùn ju tọ̀tún lọ. Ó gbé bàtà kan tó fẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le dáadáa, wá fún un. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ gbé fún mi ni? Ẹ mú pupa orí pẹpẹ yẹn wá!"

Pupa yẹn rẹwà, ó fúyẹ́, ó sì fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Á là tí mo bá wọ̀ ọ́ pẹ́," ni ọmọbìnrin náà wí. Ọmọkùnrin náà mọ̀ pé bàtà eré sísá tí kò bá rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn nínú ṣọ́ọ̀bù, kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn lórí pápá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ó yẹ yín," ló sọ. Ó sì yẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó wá rà kọ́ nìyẹn.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò fira wọn sílẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin náà á máa sáré, ọmọkùnrin náà á máa fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin náà ń pè é ní Panápaná, òun náà sì ń pe ọmọkùnrin náà ní Alábàtà. Ẹsẹ̀ ń dun Panápaná, ó ń fi pa mọ́. Alábàtà rí i pé ó ń fi pa mọ́, òun náà ń fi rírí tó rí i pa mọ́. Àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ayọ̀ wọn kó má baà fọ́.

Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Panápaná ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀, aránṣọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi bàtà pupa náà sínú ọ̀rá, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù Alábàtà, ọmọ ń tiro tẹ̀ lé e.

"Ìwọ lo ta èyí fún ọmọ mi?"

"Èmi ni, mà."

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo yàn án fúnra mi."

Alábàtà ì bá sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sá. "Mo mọ̀ pé ó kéré fún un, mà. Ó wù ú ni, mi ò sì fẹ́ bà á nínú jẹ́, ni mo fi dákẹ́."

Panápaná yíjú sí i. "O mọ̀? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tá a jọ ń jáde, ò ń wò mí, o sì mọ̀?" Omi lé ròrò sí i lójú. "Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ." Ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Alábàtà ò lè jẹun. Panápaná lọ rí dókítà, dókítà ní kó sinmi eré ná, kó máa na iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì wá bàtà tó gbà á. Ó ń ránṣọ lọ́wọ́, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí ìgò omi dídì nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Bó bá dìde, á ti ògiri, á na ẹsẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ń sá fún iná," ni ìyá rẹ̀ kùn, "ìwọ lò ń sáré lọ bá a. Ẹ̀rọ ìránṣọ rèé, ó ṣe ọ́ ní nǹkan ni?"

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ bá a, màmá. Mi ò ní jáwọ́."

Nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù Alábàtà. "Kì í ṣe torí rẹ ni mo ṣe wá. Bàtà ni mo wá rà. Òótọ́ ni kó o sì bá mi sọ."

Alábàtà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo gbogbo pẹpẹ, ó wò ó tán. "Èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu ò sí níbí. Òdìkejì títì ló wà."

Ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì! Àwọn tó ń gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọn kì í kí i! Síbẹ̀ Alábàtà ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó bá a sọdá. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Alábàtà wá ra bàtà!" Alábàtà gbé ìtìjú mì. Ó tẹ ẹ̀yìn bàtà kan wò, kò wọnú. Ó ká a, ibi ìka ẹsẹ̀ ló ti ká, àárín rẹ̀ ò ká. Ó wọ̀ ọ́ fún Panápaná, ó rí i pé àyè àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú. Ó ní kó sáré dé ìkóríta, kó sáré padà.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ó burẹ́wà."

"Ó burẹ́wà gan-an. Kò yẹ ọ́ rárá. Rà á."

Panápaná wò ó títí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jà, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìyá Panápaná ò ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Òun àti Alábàtà jọ dúró lẹ́yìn wáyà pápá, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ ló ya Panápaná sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tó ku ìyípo kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ gbá apá Alábàtà mú, ó figbe ta. "Má dúró o, ọmọ mi! Má dúró!" Panápaná kọjá ìlà, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá panápaná fun fèrè.

Wọ́n pè é mọ́ àwọn tó yege. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sunkún, ó wá rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wọn.

"Mo ní òótọ́ díẹ̀ láti sọ," ni Alábàtà wí. "Mo máa ń hanrun. Ọbẹ̀ tí mo bá sè, ajá ò ní jẹ ẹ́. Ẹ̀rù iná ń bà mí. Bí wọ́n bá pè ọ́ jáde, mi ò ní lè sùn títí wàá fi dé, ṣùgbọ́n mi ò ní ní kó o má lọ láé. Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ kó o jẹ́ aya mi."

Panápaná ṣì ń mí gúlegúle. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

"Òótọ́ tèmi náà rèé," ló wí. "Gìgísẹ̀ ń dùn mí díẹ̀ báyìí. Mo sì gbà."

Alábàtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, wọ́n sì forí lé ilé.