Gèlè Tí Wòsílátù Fi Sílẹ̀

"Gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí, kí o fi di etí òsì mú!"

Tíṣà Lásúnkànmí ló ń pàṣẹ fún Àsmá'ù bẹ́ẹ̀ níwájú ilé ìwé tuntun kan ní Ìfọ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ọmọdé wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ náà na ọwọ́, ó nà án títí, ìka rẹ̀ kan etí.

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀."

Wòsílátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dúró lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò ní kó gbé ọwọ́, ṣùgbọ́n òun náà gbé tirẹ̀. Ọwọ́ bo etí mọ́lẹ̀, ó tún ṣẹ́kù. Tíṣà rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ti pẹ́ jù, ìyàwó. Ọkọ ni kí o máa wá!"

Ẹ̀rín yẹn gún un. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, owó ni wọ́n fi ń kàwé, bàbá wọn, Bùrẹ́ímọ̀ káfíńtà, sì ní òun kò ní fi owó pákó rán obìnrin níwèé. Ní báyìí tó di ọ̀fẹ́ pàápàá, ẹnu lásán ló fi gbà.

"Ẹ mú un lọ," ló wí fún ìyá wọn, Sùwéébátù. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá torí ọmọ yẹn wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan péré, Mowe ló ń lọ. Ìyá mi ń wá ẹni tí yóò máa bá òun bó ẹ̀gẹ́."

Bùrẹ́ímọ̀ kì í halẹ̀ lásán, gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ibi àjèjì máa ń ba Àsmá'ù, Sùwéébátù sì ní láti máa lọ ra ọjà ní Owódé Ẹ̀gbá lójoojúmọ́, nítorí náà ó tọrọ ààyè ọ̀sẹ̀ kan fún Wòsílátù lọ́dọ̀ ìyá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ rírán. Ó wá pe Wòsílátù jókòó.

"Lọ́jọ́ kìíní, jókòó tì í nínú kíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, lọ sábẹ́ igi ọsàn, kó máa rí ẹ lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹrin, bọ́ gèlè orí rẹ fún un kó dì í mú, kó lè mọ̀ pé o ní láti padà wá gbà á. Kí o sì padà o! Bí o bá ní agogo eré, kí agogo bá ẹ níbẹ̀. Má tan ọmọ mi, Wòsílátù."

Lọ́jọ́ kìíní, Àsmá'ù di ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ń bojú wẹ̀yìn ṣáá. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbàgbé fèrèsé pátápátá. Ó ń fi ẹfun kọ A, B, D sórí síléètì, ó ń rẹ́rìn-ín. Wòsílátù jókòó sábẹ́ igi, ó mú igi tín-ín-rín, ó fẹ́ kọ D sórí yẹ̀pẹ̀. Kò mọ apá ibi tí ikùn D náà ń kọjú sí. Ó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó bọ́ gèlè aláró rẹ̀.

"Dì í mú. Bí agogo eré bá ti lù, màá wá gbà á."

"Ẹ ò ní pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"N ò ní pẹ́."

Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé Fàúsátù, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́.

"Ìyá ọmọ! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ìwọ náà ti wọ ABD ni?" Fàúsátù pàtẹ́wọ́. "Bùọ̀dá mi Ṣàkírù ti kó ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta. Ó wà ní téṣàn báyìí, ọ̀fẹ́ ló ń yà wá, ṣùgbọ́n reluwé tó ń bọ̀ yìí ló máa wọ̀ lọ sí Èkó."

"Mo ti sọ fún ọmọ pé..."

"Ọmọ ta? Ìwọ lo bí i ni? Àwọn kan ń kàwé, àwọn kan ń ṣọ́ wọn. Ó dáa, máa ṣọ́ wọn lọ."

Ibi tó ń dun Wòsílátù gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn bà. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, 'Kí lẹnikẹ́ni tíì fún èmi rí?' Ó tẹ̀ lé Fàúsátù.

Ní téṣàn, èrò ti tò. Ó ku ẹni méjì kó kan òun àti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí agogo eré dún láti ilé ìwé. Ó gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi sọ pé kò gbọ́! Ó gbọ́ ọ ketekete, ó sì ní, "Ó lè dúró díẹ̀."

Ó ya fọ́tò náà. Ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ.

Èrò ló bá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé nígbà tó padà. Wọ́n ní Àsmá'ù dúró ní gbogbo àkókò eré, ó fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú. Nígbà tí agogo ìwọlé lù, kò wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá gba gèlè," ló ń wí. Tíṣà fà á, ó bu Tíṣà jẹ, Tíṣà nà án lẹ́gba. Ló bá sáré jáde, ó bọ́ sójú títì níwájú lọ́rì. Ọlọ́run ló ní kí dírẹ́bà tètè tẹ búréèkì. Wọ́n ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Bùrẹ́ímọ̀ dúró níbẹ̀, ìyẹ̀fun pákó wà ní gbogbo irun rẹ̀. Kò pariwo.

"Ó tán," ló wí.

Sùwéébátù kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Tíṣà fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí àwọn wò ó. Bí Àsmá'ù ṣe fojú kan ilé ìwé, ó jókòó sílẹ̀, ìtọ̀ sì ń dà lára rẹ̀.

"Ẹ tún máa sá lọ," ló wí fún Wòsílátù.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú un lọ sí Mowe.

Ìyá wọn kò na Wòsílátù. Ìbá sàn kó nà án. Ó kàn wò ó, ó ní, "Mo rí ìlara lójú rẹ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ forúkọ sílẹ̀. Mo ṣebí ìfẹ́ àbúrò rẹ ju ìlara náà lọ ni."

Fọ́tò dé lẹ́yìn oṣù kan. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ ló wé gèlè, àfi ẹnì kan.

Ọdún mẹ́rin kọjá kí Wòsílátù tó lórí láyà láti lọ sí Mowe, nígbà ọdún Iléyá. Ó ra síléètì kan dání. Àsmá'ù kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ ti gé ìka rẹ̀ níbi púpọ̀. Ó gba síléètì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e sílẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó mú aṣọ aláró kan tí a ti fọ̀, tí a ká dáadáa, jáde.

"Gèlè yín rèé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò wá gbà á mọ́."

Wòsílátù gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá sọ fún ọmọ kékeré pé ẹ ń bọ̀, ẹ padà, nítorí kò ní nǹkan mìíràn tó lè gbára lé ju ọ̀rọ̀ ẹnu yín lọ. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ ẹ̀yin fúnra yín jẹ rí, ẹ má gbẹ̀san rẹ̀ lára ẹni tí kò tó yín. Bàbá ló fi ìwé du Wòsílátù. Ta ló fi du Àsmá'ù?