Ta Ló Sọ "Pẹ̀lẹ́"?

"Ẹni tó bá gbin, ilé ló ń lọ," Michelle wí.

Obìnrin ará Ireland yìí ni igbákejì olùdarí fíìmù tí wọ́n ń yà. Kò pariwo. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wà létí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń lọ láti orí ẹnì kan sí èkejì. Nígbà tó kan Àǹtí Jùmọ̀kẹ́, ó dúró.

"Mo kìlọ̀ fún yín lánàá. Mi ò ní kìlọ̀ mọ́."

"Mo ti gbọ́," Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ fèsì. Bí Michelle ṣe kẹ̀yìn sí wọn báyìí, ó sọ sétí Dàmì lédè Yorùbá pé, "Ẹnu tí Ọlọ́run fún mi ni wọ́n ń bá jà yìí. Ṣé kí n yọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni?"

Dàmì fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan létí òkun ní Rush, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá Dublin, ni wọ́n ti ń ya fíìmù náà. Wọ́n ti sọ yàrá ìjẹun ibẹ̀ di ti ilé ìtọ́jú arúgbó. Nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ lára àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ní Dublin lóòótọ́, wọ́n wá díẹ̀ lára wọn láti wá ṣe èrò ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn tó kàn ń rìn kọjá, tí wọ́n ń gbé àwo, tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ ló gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, òun ló sì mú Dàmì dání. Ọ̀rẹ́ ìyá Dàmì ni, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ wà ní ibùdó àwọn tó ń wá ààbò, kí wọ́n tó bí Dàmì rárá.

Olúwadámilọ́lá ni orúkọ Dàmì ní kíkún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì wà ní kíláàsì àṣekágbá. Eré ìtàgé ló fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Nọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀ fẹ́. Bàbá àtọmọ ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi sú ìyá rẹ̀, kí bàbá tó wá dá àdéhùn báyìí:

"O ní iṣẹ́ gidi ni eré ṣíṣe. Ó dáa. Lo ọ̀sẹ̀ ìsinmi yìí lọ́dọ̀ wọn. Bí o bá ṣe é parí tí wọn ò lé ẹ, eré ìtàgé ni kó o fi ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù yunifásítì. Bí wọ́n bá lé ẹ wálé pẹ́nrẹ́n, nọ́ọ̀sì ni, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹjọ́."

"Grand," Dàmì dáhùn, bí àwọn ará Ireland ṣe ń sọ pé ó dáa. Òyìnbó ló fi ń dá àwọn òbí rẹ̀ lóhùn ní Adamstown níbi tí wọ́n ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo Yorùbá tí wọ́n bá sọ ló ń yé e.

Ẹni tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ yí ká ni Micah Tolliver, arúgbó òṣèré ará Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ènìyàn, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ojú rẹ̀ hàn wọ́n, ariwo á ta. Nígbà tí Dàmì fi fọ́tò rẹ̀ han bàbá rẹ̀ lórí fóònù, bàbá gbá itan.

"Adájọ́ ìkà yẹn nìyí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tẹlifíṣọ̀n wa n'Íbàdàn nítorí ọkùnrin yìí."

"Òun náà ló ṣe àlùfáà tí ẹ sunkún fún nígbà Kérésìmesì, Daddy."

"Irọ́ lò ń pa. Àlùfáà yẹn? Ẹni jẹ́jẹ́ yẹn?"

Òun ni. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún nìyẹn. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà ní Ohio. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń kó eré jọ fún àwọn ará àdúgbò, ẹni tó fẹ́ ṣe ọlọ́pàá sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ní kí Micah wọ aṣọ náà nítorí pé ó bá a mu. Kò bọ́ aṣọ yẹn mọ́. Ó ṣe ọlọ́pàá, ó ṣe dókítà, ó ṣe olè, ó ṣe bàbá ìyàwó, ó ṣe ẹni tó ń ta ọtí tí gbajúmọ̀ òṣèré ń rojọ́ fún. Ó ti kú lójú kámẹ́rà débi pé òun fúnra rẹ̀ kò rántí gbogbo ikú ọ̀hún: wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n tì í sódò, ẹṣin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn ò fi àwòrán rẹ̀ sára pátákó ìpolówó fíìmù kankan rí. Wọ́n kàn ń pè é ṣáá ni.

Nígbà ìsinmi tíì, kì í lọ sí yàrá tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún un. Ààrin àwọn èrò ẹ̀yìn ló máa ń wá jókòó.

"Daddy, ẹ wá síbí," Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ ké sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà yẹn kò dáa fún orúnkún àgbà."

Dàmì bi í léèrè bóyá inú kì í bí i pé kò ṣe olórí òṣèré rí.

Micah ki bísíkíìtì bọ tíì. "Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ó bí mi nínú. Ó bí mi fún bí ọdún mẹ́wàá. Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, àwọn tí mò ń jowú ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ṣì ń jẹun níbẹ̀."

"Ẹ ṣáà gbọ́ Daddy," Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ wí. "Oúnjẹ lọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn ìkìlọ̀ Michelle láàárọ̀ ọjọ́ kejì yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá arúgbó inú fíìmù náà gbọ́ lórí fóònù pé ọmọ òun kò ní wá. Ó dìde, ó mú ọ̀pá, ó ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Dàmì ń nu tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà tó máa gbà, Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ sì ń ká aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù jìnnà. Wọ́n ti ṣe é léraléra, ó ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá Micah yọ̀ lórí pákó. Orúnkún rẹ̀ gbá àga, ó di etí tábìlì mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Dàmì ni. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Nílé wọn, bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ, bó bá sín, bí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ tó ń fi òyìnbó dá bàbá rẹ̀ lóhùn yìí, ó máa ń kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó ní ilé ìwé ní pẹ̀lẹ́, wọn ò sì mọ ohun tó ń wí.

Micah kò dúró. Ó dorí kodò, ó mí kanlẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n kí.

"O ṣeun," ó fi òyìnbó wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló jáde.

Olùdarí dá kámẹ́rà dúró. Àwọn kan sáré gbé Micah lọ kí wọ́n lè yẹ orúnkún rẹ̀ wò. Michelle wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

Ohùn bàbá Dàmì ń dún lórí rẹ̀: bí wọ́n bá lé ẹ pẹ́nrẹ́n. Ó tẹjú mọ́ tábìlì, ó ń nu ojú kan náà.

Michelle kọjú sí Àǹtí Jùmọ̀kẹ́. "Ẹ̀yin ni, àbí? Èdè yín ni mo gbọ́."

Dàmì ni Àǹtí ń wò. Ó ń dúró dè é. Michelle tẹ̀lé ojú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́," Dàmì wí, pẹ̀lú òyìnbó Dublin tí kò yàtọ̀ sí ti Michelle fúnra rẹ̀. Àfi bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ó fi kún un: "Ẹ̀yìn mi ló ti wá."

Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ nìkan ni.

Àǹtí tú épírọ́ọ̀nù, ó ká a, ó fi í sórí àga. "Ó dáa, mo ń lọ," ó sọ fún Michelle. Ó wá yí sí Dàmì, ó sì sọ Yorùbá. "Mo mọ ohun tí bàbá ẹ wí. Ká ní o kàn dákẹ́ ni, màá dárí jì ẹ́ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. O tún nàka sí mi."

Ó jáde lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé ènìyàn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, tí kò ní gbéra títí di ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Dàmì jókòó ti àwo ìrẹsì rẹ̀ láàárín àwọn èrò ẹ̀yìn yòókù. Olùdarí, tí kì í wá sọ́dọ̀ èrò ẹ̀yìn, wọlé fúnra rẹ̀.

"Orúnkún Micah kò ṣe nǹkan kan," ó wí. "Ó ní òun ti ń ṣubú lójú kámẹ́rà láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò kí òun rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn la máa lò. Mo fẹ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ náà. A máa ya ojú rẹ̀, á tún un sọ, orúkọ rẹ̀ á sì wà níparí fíìmù pẹ̀lú ti àwọn òṣèré."

Ọkùnrin ará ìlú Cork kan nawọ́ pé òun ni. Ọmọge kan nídìí fèrèsé ní òun ni. Olúníyì, èrò ẹ̀yìn míì tó wà nílé ìtọ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, ní ibẹ̀ gan-an lòun ti sọ ọ́.

Dàmì dìde. "Èmi ni."

"Ìwọ wo?" Michelle bi í. "Ìwọ tí mo bi lójúkojú, tó o ní ìwọ kọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba gbogbo yín láàárọ̀. Ojú gbogbo yín ti wá là báyìí. Jókòó, jẹ oúnjẹ ẹ." Ó sọ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dá obìnrin inú bọ́ọ̀sì padà.

Dàmì kò jókòó. Ó lọ bá Micah níbi tó gbé omi dídì lé orúnkún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo sọ ọ́."

"Mo fura. Ohùn ọmọdé ni mo gbọ́. Nígbà tí wọ́n bi ọ́, kí lo sọ?"

"Mo ní èmi kọ́. Wọ́n sì lé Àǹtí mi."

Micah sún omi dídì náà síwájú díẹ̀. "Mo ti ṣe fíìmù kan tó burú débi pé ìyàwó mi dìde kúrò ní sinimá kó tó parí. Mo ṣe é bí igi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní olùdarí ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá bi mí, mo ní èmi ni, mo ṣe é, kò dáa. Mi ò ga, mi ò lẹ́wà, ọmọ mi. Wọ́n ń pè mí nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí mo bá ṣe, mi ò ní gbé e sí ẹlòmíì lọ́rùn."

"Ṣé ẹ lè bá mi sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ? Pé ohun tó o sẹ́ láàárọ̀, o ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ́sàn-án?"

Dàmì padà lọ mú àkísà tó fi ń nu tábìlì.

Nígbà tí Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ wọlé, olùdarí bi í bóyá òun ló sọ̀rọ̀ náà. Ó wo Dàmì lẹ́ẹ̀kan. "Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ torí ẹ̀ lé mi. Tèmi ni." Ó so épírọ́ọ̀nù padà. Nígbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, tí Micah sì tún fẹsẹ̀ kọ, Àǹtí di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Daddy. Ẹ rọra." Dàmì kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó ń nu tábìlì.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n gbé padà sí Dublin, Dàmì lọ jókòó ti Àǹtí Jùmọ̀kẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi."

"Inú ti bí mi tán. Gbọ́ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, o gbé e fún mi, mo rù ú dénú bọ́ọ̀sì. Ó wá di ẹ̀bùn, o fẹ́ gbà á padà. Mi ò dá a padà. Orúkọ mi á wà níbẹ̀ gàdàgbà, èmi àtàwọn ọmọ mi á sì lọ wò ó."

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣùgbọ́n lílé tí wọ́n lé mi yẹn, mi ò fẹ́ ìyẹn. Tìẹ ni. Gbé e lọ sílé."

Bàbá Dàmì ń din dòdò nígbà tí ó wọlé.

"Àṣé wọn ò tíì lé ẹ," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kà á sí pé wọ́n ti lé mi, sà." Yorùbá ló fi sọ ọ́, bàbá rẹ̀ sì yíjú kúrò nídìí iná. Dàmì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìka tó nà.

Bàbá pa iná. "Ká ní o ò sọ ọ́, mi ò ní mọ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"Àdéhùn wa ṣì wà bó ṣe wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nọ́ọ̀sì lo máa fi ṣáájú. Eré ìtàgé lè ṣe ìkejì." Ó yọ dòdò sínú àwo, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Màá lọ. Wọ́n ṣì nílò ẹni tó máa nu tábìlì."

Ó lọ lóòótọ́, ó sì nu tábìlì títí iṣẹ́ fi parí. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe nǹkan, kò mọ̀ bóyá èébú ló máa tìdí rẹ̀ yọ tàbí ìyìn. Ẹni tó bá sá fún èébú rẹ̀ ti fi ìyìn rẹ̀ tọrẹ fún ẹlòmíì. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe nǹkan, ẹ tètè sọ pé ẹ̀yin ni, kó tó hàn bóyá wọ́n máa yìn yín tàbí wọ́n máa lé yín.