Alátẹ́gùn àti Dókítà Jókòó-Jẹ́ẹ́

Ọjọ́ tí Alátẹ́gùn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dókítà, òórùn rọ́bà ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Fọgánáísà ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lẹ táyà tó jò, tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà wọlé onílé.

"Ẹ dákun, ṣé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní mímí nìyí?"

"Ibẹ̀ náà ni," Dókítà dá a lóhùn. "Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wá jókòó."

"Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà o, Dókítà. Èmi lẹ wá fẹ́ kọ́ ní mímí?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọkùnrin náà ní Alátẹ́gùn.

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ Dókítà fún yín, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Obìnrin ni, dókítà ẹbí sì ni, irú èyí tó ń tọ́jú bàbá, tó ń tọ́jú ìyá, tó tún ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ nínú ilé kan ṣoṣo. Ó ti sú u kó máa fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru lóògùn lónìí, kí wọ́n tún padà wá lọ́la pẹ̀lú àìsùn àti àròyé. Oògùn dáa o, kò sọ pé kò dáa, àmọ́ ẹsẹ̀ méjì lèèyàn fi ń rìn. Ó wá ń ṣèwádìí: béèyàn bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tó ń sùn, tó ń rìn, tó sì ń jókòó jẹ́ẹ́ lójoojúmọ́ kó lè fiyè sí èémí ara rẹ̀, ṣé ìlera rẹ̀ á tọ́jọ́? Àwọn ará àdúgbò, ẹ mọ ẹnu wọn, Dókítà Jókòó-Jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dijú. "Tí ìrora bá dé, ẹ má sá fún un. Ẹ wò ó. Ẹ máa mí. Ó máa kọjá." Orí fífọ́ ló ní lọ́kàn, ẹ̀yìn tó ń dunni, ìbínú, ìbẹ̀rù. Kò sọ bẹ́ẹ̀ síta, torí ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni Alátẹ́gùn náà, kò sì fi ìjókòó náà ṣeré. Ìsàlẹ̀ fèrèsé ni ẹní tirẹ̀ máa ń wà. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń sùn, á sì máa hanrun, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹnu. Nígbà tó yá, òun ló ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń bá wọn tẹ́ ẹní. Lọ́jọ́ kan tí táyà ọkọ̀ Dókítà jò, kí obìnrin náà tó mọ̀, ó ti gbé jáàkì sí i, ó ti lẹ̀ ẹ́, ó ti fẹ́ ẹ.

"Ẹ ṣeun gan-an," Dókítà wí.

"Kò tọ́pẹ́. Ẹ̀yin náà ń fún mi ní èémí. Ṣùgbọ́n Dókítà, ara mi kò yá o. Àyà mi máa ń lù kìkì nígbàkígbà tí mo bá ti rí yín."

Ojú iṣẹ́ ni Dókítà fi wò ó. "Ẹ ti lo oògùn òwúrọ̀ yín?"

"Mo ti lò ó. Èyí kì í ṣe ti oògùn."

Háà! Obìnrin tó ń kọ́ gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń mí, òun fúnra rẹ̀ kò rántí láti mí. Ó sá wọ ọkọ̀, ó gbàgbé láti dágbére. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó sì ti pẹ́ tó ti fẹ́ràn rẹ̀; kò kàn tíì jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ ni.

Àmọ́ òfin wà. Ẹni tó ń ṣèwádìí kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó wà nínú ìwádìí rẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́ irú yẹn. Dókítà kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ó yọ Alátẹ́gùn kúrò nínú ìwádìí, ó fà á lé akẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ fún ìtọ́jú. Alátẹ́gùn ní kò burú, òun á máa jókòó jẹ́ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù òun lójoojúmọ́. "Ẹní ni o gbà lọ́wọ́ mi, ìfẹ́ mi," ló wí. "O ò gba ohun tí o kọ́ mi."

Wọ́n pinnu láti fẹ́ra, ó wá ku àwọn ẹbí. Bàbá Dókítà ní, "Fọgánáísà? Ọmọ tí mo rán níwèé títí irun mi fi funfun!" Nígbà tí Alátẹ́gùn dé iwájú rẹ̀, ó bi í pé, "Kí lo ní tí o fẹ́ fún ọmọ mi?"

"Sùúrù ni, sà. Òun náà ló sì kọ́ mi."

Bàbá wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wá ìjókòó fún un.

Ti ìyá Alátẹ́gùn ló le. Opó ni, ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló pa ọkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló sì fi sílẹ̀ fún un. "Èmi ò kórìíra rẹ, ọmọ mi," ló sọ fún Dókítà. "Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ pé ńṣe lo máa ń ní kí àwọn aláìsàn jókòó bí adìyẹ tó sàba. Ọkọ mi náà jókòó. Orí àga ló kú sí."

"Mà, oògùn ńkọ́? Kò ní fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ láé. Èmi fúnra mi á máa mójú tó o."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, mà. Ojú mi ò ní kúrò lára rẹ̀."

"Ìlérí, gbèsè ni o," ìyá wí. Ó dì mọ́ ọn, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù tí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun Alátẹ́gùn ní ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ni. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí táyà ńlá kan, ó dijú, ó sì ń mí. Àwọn oníbàárà ń pè é, kò dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ fọwọ́ kàn án, ni tíṣà àgbà kan bá dá a dúró. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó lọ́dọ̀ Dókítà sì ni. Ó dá ohun tí Alátẹ́gùn ń ṣe mọ̀.

"Ẹ má dí i lọ́wọ́," ó rọra wí. "Iṣẹ́ Dókítà ló ń ṣe."

Wọ́n fún un láyè. Wọ́n tiẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti àgbọ̀n rẹ̀, tó sì rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni tíṣà fi kígbe.

Dókítà bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ètè rẹ̀ ti funfun. Akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé ojú sókè, ó sì mi orí.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Alátẹ́gùn mi?"

"Láàárọ̀."

"Kí ló dé tí o ò pè mí? Kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Mi ò sá fún un." Ó ń wá ọwọ́ Dókítà kiri lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì rí i. "Mo wò ó dáadáa, bí o ṣe kọ́ mi. Mo ń mí. Kò kọjá."

"Yéè, olólùfẹ́ mi."

"Má sunkún. Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wò."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Dókítà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi orí lé àyà tó ti dákẹ́, ó ń sọ pé, "Má wò ó mọ́, má wò ó mọ́, sá fún un." Wọ́n fà á títí, wọn ò rí i fà kúrò.

Nígbà tó pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó wà nínú ìwádìí náà ti wálẹ̀. Wọ́n ń sùn, wọ́n ń rìn, wọn ò fi oògùn wọn ṣeré. "Kò sì sẹ́nikẹ́ni tó kú," akẹgbẹ́ náà wí.

"Òun ńkọ́?"

"Kò sí nínú wọn mọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo yọ ọ́."

Dókítà gba èsì náà, ó kà á. Iṣẹ́ náà dára, òótọ́ sì ni, èyí ló tún ń dùn ún jù. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹní. Àfi ìgbà tí àwọn aláìsàn bẹ̀ ẹ́ títí ló tó tún un ṣí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà wọlé, gbogbo wọn ti jókòó, wọ́n sì fi ìsàlẹ̀ fèrèsé sílẹ̀ lófìfo. Ìyá Alátẹ́gùn ló wọlé. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì bá Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó bọ́ bàtà, ó lọ jókòó sórí ẹní ọmọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ Dókítà.

Dókítà dìde dúró. "Kí a tó bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ìrora wà tí èèyàn lè jókòó wò, òmíràn wà tí a kì í jókòó tì. Tó bá jẹ́ àyà ló ń dùn yín, tó ń fún yín mọ́lẹ̀, tí òógùn ń bò yín, ẹ má jókòó. Ẹ má wò ó. Ẹ pariwo. Tí ẹ bá sì rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó dijú, ẹ dákun, ẹ dí i lọ́wọ́."

Tíṣà àgbà fi aṣọ bo ojú.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i," ìyá wí.

Dókítà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn rẹ̀ já sí méjì kó tó parí.

"Kò sí ọjọ́ tí o ò ní sọ ọ́ kí o tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Èmi náà á máa wá gbọ́ ọ. Gbèsè tí o jẹ mí nìyẹn."

"Mo gbọ́, mà."

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé itan méjèèjì. Ó di ojú rẹ̀. "Ó yá, kọ́ mi," ló wí. "Mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe kó tó kú."

Dókítà lọ jókòó tì í lórí ẹní kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀.